Owó Orí Ẹ̀rọ Nínú Ètò Ìrànwọ́ Àwọn Àjọ Àgbáyé: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Èésú àti Àjọ Dídá Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí dá lé orí bí àwọn àjọ àgbáyé àti ìjọba ṣe ń lo ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká láti san owó ìrànwọ́ fún àwọn mẹ̀kúnnù. A ṣe àgbéyẹ̀wò ètò ajílẹ̀ ọdún 2012 àti ètò owó ìrànwọ́ fún ìdílé aláìní ní Nàìjíríà, a sì fi wọ́n wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kẹ́ńyà, Niger àti Tógò. Ohun tí a rí fàyọ ni pé ẹ̀rọ a máa dí ihò tí owó ń gbà jò láti òkè, ṣùgbọ́n ó lè la ihò mìíràn sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, níbi tí owó ti ń bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí a rán an sí. A dá a lábàá pé kí àwọn tí ń gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ lára èésú àti àjọ dídá, èyí tí àwọn ará Ìjẹ̀bú ti fi ọjọ́ pípẹ́ gbé lárugẹ.

1.0 Ìfáàrà

Ọ̀nà tí owó ń gbà dé ọwọ́ ẹni tí a rán an sí ṣe pàtàkì bí owó náà fúnra rẹ̀. Bí a bá fi 5,000 náírà ránṣẹ́ sí opó kan ní abúlé, tí ó ná 1,000 náírà lórí ọkọ̀ kí ó tó rí i gbà, 4,000 náírà ni a fún un, ohun yòówù tí ó wà nínú ìwé. Òtítọ́ yìí ni ó mú kí àwọn àjọ àgbáyé tí ń ṣètò ìdàgbàsókè bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó orí ẹ̀rọ rọ́pò owó tí a ń kà sí ọwọ́ ẹni.

Ohun tí ó mú wa ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní ọjà Òkè-Àjẹ́, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní oṣù kejì ọdún 2023. Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti kéde ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 pé a ó pààrọ̀ àwọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n dá ń sún mọ́lé, owó bébà di ohun àwátì. Èmi tí mò ń kọ iṣẹ́ yìí ra gàrí lọ́wọ́ ìyá àgbàlagbà kan, mo sì fi fóònù sanwó. Báǹkì yọ owó náà lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ ìyá. A dúró títí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò fèsì. Ìyá náà wò mí, ó ní, "Tíṣà, máa kó gàrí rẹ lọ. Mo mọ ilé bàbá rẹ." Ọjọ́ kọkànlá ni owó náà tó padà sọ́dọ̀ mi, ni mo bá mú un lọ fún un lọ́wọ́.

Bí a bá wo ìṣẹ̀lẹ̀ yìí fínnífínní, a ó rí i pé kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó mú kí kárà-kátà ọjọ́ náà kẹ́sẹ járí. Ìmọ̀ra-ẹni ni. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni èyí: bí ètò ìrànwọ́ bá gbé owó sórí ẹ̀rọ, kí ni yóò dúró ní ipò "mo mọ ilé bàbá rẹ" fún ẹni tí owó rẹ̀ bá sọnù sójú ọ̀nà?

2.0 Owó Gbígbé àti Owó Fífi Pamọ́ Kí Ẹ̀rọ Tó Dé

Ìnira owó gbígbé kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Ní ayé owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni a ń sín sínú okùn kan. Àádọ́ta irú okùn bẹ́ẹ̀ ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ó di ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000 ẹyọ. Ẹrù gidi ni ọ̀kẹ́ kan jẹ́ lórí alárùú. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó owó púpọ̀ rìn ní láti sanwó fún àwọn alárùú, kí ó sì tún san owó bodè. Àwọn ará Ìjẹ̀bú tí wọ́n wà láàárín etí òkun àti ìlú òkè mọ èyí dájú, nítorí pé àwọn ni wọ́n di ojú ọ̀nà òwò mú kí ogun Ìmàgbọn tó wáyé ní ọdún 1892. A lè sọ nígbà náà pé owó gbígbé ń jẹ lára owó láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Àwọn baba wa kò káwọ́ gbera. Wọ́n ní ètò méjì tí ó yàtọ̀ síra. Nínú èésú, àwọn ènìyàn mélòó kan yóò máa dá iye owó kan náà ní àkókò kan náà, ẹnì kan yóò sì máa kó gbogbo rẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kárí. Onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà nì, William Bascom, kọ nípa èésú Yorùbá ní ọdún 1952, ó sì pè é ní ètò ìyánilówó. Nínú àjọ dídá ní tirẹ̀, alájọ ni yóò máa wá gba owó lọ́dọ̀ oníkálukú lójoojúmọ́. Bí oṣù bá parí, yóò san owó padà, yóò sì mú ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò owó iṣẹ́ yìí. Nínú oṣù ọlọ́jọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìdá kan nínú mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni alájọ ń mú, èyí tí ó lé díẹ̀ ní 3 nínú 100. Kì í ṣe owó kékeré. Síbẹ̀, àwọn ọlọ́jà kò pariwo. Ìdí ni pé alájọ ń wá sí ìsọ̀ wọn fúnra rẹ̀. Wọ́n mọ ilé rẹ̀. Bí àṣìṣe bá sì wà, ojú ẹsẹ̀ ni wọn yóò bi í. Òwe ìgboro tí a fi ń yin ẹni tí orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú, tí ó gba àjọ fún ọdún mẹ́ta láìkọ orúkọ sílẹ̀ tí kò sì ṣi owó san, fi hàn pé ìgbẹ́kẹ̀lé ni òpó tí ètò náà rọ̀ mọ́. Àwọn ará Ìjẹ̀bú kò kọ̀ láti sanwó fún iṣẹ́ owó. Ohun tí wọn kò gbà ni kí wọ́n sanwó fún ẹni tí wọn kò lè bi léèrè.

3.0 Ìdí Tí Àwọn Àjọ Àgbáyé Fi Yà Sí Owó Orí Ẹ̀rọ

Ní oṣù kẹta ọdún 2007 ni ilé-iṣẹ́ Safaricom gbé M-Pesa jáde ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà. Ó yẹ kí a rántí pé owó ìrànwọ́ ìdàgbàsókè láti ọ̀dọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà lára ohun tí a fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àti pé orí àwọn tí ń san ẹ̀yáwó kékeré padà ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Àwọn ènìyàn fúnra wọn ni wọ́n sọ ọ́ di ọ̀nà tí ọmọ tí ó wà nílùú ńlá ń gbà fowó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lábúlé. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ méjì, Tavneet Suri àti William Jack, tẹ èsì ìwádìí wọn jáde pé M-Pesa ti gbé ìdílé tí ó tó 194,000 kúrò nínú ìṣẹ́, èyí tí í ṣe ìdílé 2 nínú 100 ní Kẹ́ńyà.

Àṣeyọrí yìí mú kí ojú àwọn olùfúnni là. Ní ọdún 2012 ni a dá ẹgbẹ́ Better Than Cash Alliance sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, láti máa rọ ìjọba, ilé-iṣẹ́ àti àjọ ìrànwọ́ pé kí wọ́n kúrò nínú owó bébà. Ohun mẹ́ta ni wọ́n tẹnu mọ́. Àkọ́kọ́, owó orí ẹ̀rọ kò nílò ọkọ̀ àti ọlọ́pàá tí yóò sìn ín. Ìkejì, ó ń fi ipasẹ̀ sílẹ̀, èyí tí ó mú kí ó ṣòro fún òṣìṣẹ́ láti bu tirẹ̀. Ìkẹta, ẹni tí ó bá gba owó lórí ẹ̀rọ lè tipa bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó pamọ́. A gbà pé òtítọ́ wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni bí wọ́n ṣe rí nígbà tí wọ́n dé ilé wa.

4.0 Ìrírí Nàìjíríà

4.1 Ètò Ajílẹ̀ Orí Fóònù

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba ni ó ń ra ajílẹ̀ tí ó sì ń pín in. Àwọn tí kì í ṣe àgbẹ̀ ni wọ́n ń kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mínísítà fún ètò ọ̀gbìn nígbà náà, Ọ̀mọ̀wé Akínwùmí Adéṣínà, máa ń sọ pé àgbẹ̀ 11 péré nínú 100 ni ajílẹ̀ ìjọba ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní ọdún 2012, wọ́n yí ọ̀nà padà. Wọ́n forúkọ àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni yóò sọ fún àgbẹ̀ pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti dé. Yóò lọ bá oníṣòwò ajílẹ̀ tí ó sún mọ́ ọn, yóò san ìdajì owó àpò méjì, ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ yóò sì pín ìdajì tí ó kù san fún oníṣòwò náà.

Ètò yìí já àwọn alágbàtà tí ń jẹ́ orúkọ àgbẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ó sì yẹ kí a yìn ín fún èyí. Ṣùgbọ́n ìṣòro méjì yọjú. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, àtẹ̀jíṣẹ́ kò wọlé, ìwé sì tún di ohun tí a ń lò. Èkejì ni ó wúwo jù. Àwọn oníṣòwò tí wọ́n ti gbé ọjà fún àgbẹ̀ ń retí owó ìdajì tí ìjọba jẹ wọ́n, gbèsè náà sì ń pọ̀ sí i títí tí ìjọba fi yí padà ní ọdún 2015. Ẹ̀rọ lè fi àṣẹ ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n kò lè fi owó tí kò sí nínú àpò ránṣẹ́.

4.2 Owó Ìrànwọ́ fún Ìdílé Aláìní

Ní ìparí ọdún 2016, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í san 5,000 náírà lóṣooṣù fún àwọn ìdílé aláìní, Báǹkì Àgbáyé sì fi ẹ̀yáwó 500 mílíọ̀nù dọ́là ti ètò náà lẹ́yìn. Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Èkìtì àti Kwara wà lára ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án tí a fi bẹ̀rẹ̀. Owó tí a ń kà sí ọwọ́ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀: àwọn òṣìṣẹ́ a gbé owó lọ sí ibi tí a dá, àwọn ìyá a sì tò.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 800 mílíọ̀nù dọ́là mìíràn, pẹ̀lú ìpinnu pé inú àpò owó orí ẹ̀rọ ni owó yóò máa wọ̀. Ní ọjọ́ 17, oṣù kẹwàá, ọdún 2023, ìjọba kéde pé mílíọ̀nù 15 ìdílé yóò gba 25,000 náírà fún oṣù mẹ́ta. Kò pẹ́ tí a fi dá ètò náà dúró ní oṣù kìíní ọdún 2024 nítorí ìwádìí lórí bí a ṣe ń ná owó ní ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní ìdí rẹ̀. Nígbà tí a tún un bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi kún un pé ẹni tí yóò gba owó gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè. Ìlànà yìí ń dènà ẹni tí kò sí láyé láti gba owó. Ó sì tún ń dènà ẹni tí ó wà láyé ṣùgbọ́n tí kò rí ọ̀nà dé ibi ìforúkọsílẹ̀.

4.3 Ìpínlẹ̀ Ògùn

Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2013 ni ètò ìdínkù owó bébà tí Báǹkì Àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012 dé Ìpínlẹ̀ Ògùn. Láti ìgbà náà, aṣojú báǹkì tí gbogbo ènìyàn ń pè ní oníPOS ti gba ojúde Ìjẹ̀bú kan. Síbẹ̀, ìwádìí EFInA ti ọdún 2023 fi hàn pé àgbàlagbà 26 nínú 100 ní Nàìjíríà ni kò sí nínú ètò owó kankan, ìbáà ṣe ti báǹkì tàbí ti àjọ dídá. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni owó ìrànwọ́ wà fún.

5.0 Ohun tí Niger àti Tógò Kọ́ Wa

Lẹ́yìn ọ̀dá ọdún 2009 sí 2010 ní Niger, àjọ Concern Worldwide san owó ìrànwọ́ fún àwọn obìnrin ní agbègbè Tahoua. Jenny Aker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín abúlé 96 sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan gba owó lọ́wọ́, àwọn kan gba owó lọ́wọ́ pẹ̀lú fóònù, àwọn yòókù gba owó lórí fóònù. Èsì rẹ̀ ni pé àwọn tí ó gba owó lórí fóònù kò pẹ́ lójú ọ̀nà, oríṣìíríṣìí oúnjẹ tí ìdílé wọn ń jẹ sì pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Kì í ṣe fóònù níní ni ó fa èyí, nítorí ọ̀wọ́ kejì náà ní fóònù. Àwọn onímọ̀ náà tọ́ka sí i pé obìnrin tí owó rẹ̀ wọlé láìsí ariwo ní agbára sí i láti pinnu ohun tí a ó fi ṣe. Ẹni tí a kà owó fún lójú gbogbo ayé kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé owó kò tíì dé.

Ní Tógò, ìjọba gbé ètò Novissi jáde ní ọjọ́ 8, oṣù kẹrin, ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà sé iṣẹ́ mọ́ àwọn alágbàṣe àti ọlọ́jà. Èdè Ewé ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Ènìyàn yóò tẹ kóòdù lórí fóònù lásán tí kò lo íntánẹ́ẹ̀tì, yóò fi nọ́ńbà káàdì ìdìbò rẹ̀ sí i, owó yóò sì wọlé. Obìnrin ń gba 12,250 fráǹkì CFA lóṣù, ọkùnrin ń gba 10,500. Àwọn tí ó jàǹfààní rẹ̀ lé ní 800,000. Ìwé ìdìbò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ni Tógò lò. Kò kọ́kọ́ rán aláìní lọ tò fún ìwé mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní fóònù rárá wà lẹ́yìn odi.

6.0 Ihò Tuntun ní Ìsàlẹ̀

Bí a bá kó gbogbo ìrírí wọ̀nyí jọ, a ó rí i pé ẹ̀rọ kò pa ìjẹkújẹ àti òfò rẹ́ pátápátá. Ó ṣí wọn nípò ni. A lè pín ibi tí òfò ṣí lọ sí mẹ́ta.

Èkínní ni owó iṣẹ́. Bí oníPOS bá gba 100 náírà lórí 5,000 náírà, ìdá 2 nínú 100 ti lọ. Ní ọdún 2021 ni a fi 6.98 náírà lé ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá tẹ kóòdù báǹkì lórí fóònù. Lóòótọ́, èyí kò tó owó alájọ. Ṣùgbọ́n owó ara ẹni ni ènìyàn ń fi fún alájọ. Owó tí a ní kí ó gba ìdílé là ni oníbodè òde òní ń bù lára rẹ̀.

Èkejì ni ọwọ́ tí fóònù wà. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìyá tí kò mọ̀wé a máa fún ọmọ tàbí ọmọ ọmọ ní nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Àwọn mìíràn ń sọ ọ́ sókè fún oníPOS níwájú èrò. Nígbà tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, orúkọ ìyá ni ó wà nínú ìwé àjọ àgbáyé, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ó ń gba owó.

Ẹ̀kẹta, tí ó sì burú jù, ni àìsí ibi ẹjọ́. Bí owó bá sọnù nínú èésú, ilé olórí ẹgbẹ́ ni a ó lọ. Bí ó bá sọnù lórí ẹ̀rọ, báǹkì yóò tọ́ka sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò tọ́ka sí oníPOS, oníPOS yóò sì ní òun náà kò rí nǹkan. Nọ́ńbà tí a ní kí wọ́n pè, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń kọ́kọ́ sọ. Olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì lè fi ọjọ́ mọ́kànlá lé owó rẹ̀ kiri. Ta ni yóò bá opó abúlé lé tirẹ̀?

7.0 Àbá

A kò sọ pé kí a padà sí owó bébà. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a gbé ẹ̀rọ ka orí ìpìlẹ̀ tí àwọn ènìyàn ti mọ̀. Ìjẹ̀bú-Òde ní àpẹẹrẹ nílẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, ẹni tí ó gbé ayé láti 1931 sí 2022, ṣe atọ́nà ètò ìdínkù ìṣẹ́ ní ìlú yìí láti apá ìparí àwọn ọdún 1990, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni a gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn. Abúlé olómi ẹja Ẹ̀ríwè jẹ́ ọ̀kan lára èso rẹ̀. Àwọn àbá wa nìyí:

(i) Kí ètò ìrànwọ́ kọ̀ọ̀kan san owó gbígbà fún oníPOS láti inú owó tirẹ̀, kí 5,000 náírà lè jẹ́ 5,000 náírà lọ́wọ́ ẹni tí ó gbà á.

(ii) Kí a lo ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ẹgbẹ́ èésú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí ìforúkọsílẹ̀ àti ibi àkọ́kọ́ tí a ó ti gbọ́ ẹ̀sùn, láìfún wọn láṣẹ lórí owó náà.

(iii) Kí a gba ìwé ìdánimọ̀ tí àwọn ènìyàn ti ní, gẹ́gẹ́ bí Tógò ti ṣe, kí a sì gbé ìforúkọsílẹ̀ tuntun lọ sí abúlé dípò kí a pe abúlé wá sí ìlú.

(iv) Kí ohùn tí ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ jẹ́ ti Yorùbá nílẹ̀ Yorùbá, kí a sì kọ́ àwọn àgbàlagbà bí wọn yóò ṣe tọ́jú nọ́ńbà àṣírí wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ lè ṣe iṣẹ́ yìí lákòókò ìṣiṣẹ́ olùkọ́ni wọn.

(v) Kí a dá iye ọjọ́ tí owó tí ó há gbọ́dọ̀ fi padà, kí àjọ tí ó gbé ètò kalẹ̀ sì san án bí ọjọ́ bá pé, kí ó tó lọ bá báǹkì ṣe ẹjọ́. Ẹni tí ó lágbára jù ni ó yẹ kí ó ru ìdúró náà.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí i pé owó orí ẹ̀rọ ní àǹfààní tí kò ṣeé jiyàn. Ó dín ìrìn kù fún àwọn obìnrin Niger, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Tógò nígbà tí ọ̀nà sé, ó sì já alágbàtà ajílẹ̀ kúrò láàárín ìjọba àti àgbẹ̀ ní Nàìjíríà. A sì tún rí i pé níbi tí owó iṣẹ́, ọwọ́ tí fóònù wà àti àìsí ibi ẹjọ́ bá ti pàdé, ẹni tí a fẹ́ ràn lọ́wọ́ ni ó ń san gbèsè àṣìṣe gbogbo wa. Alájọ kò ní ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó ní ojúlé. Ètò tí ó bá ní ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní ojúlé pẹ̀lú, kí ìyá elépo tàbí ìyá onígàrí lè mọ ibi tí yóò lọ kanlẹ̀kùn bí owó rẹ̀ kò bá dé.